Orúkọ Tí Kò Ṣeé Họ Lórí Hẹ́límẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá gba Ọbaníkòró kọjá nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé gogoro kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀, tó sì gbójú sókè, á ti rí Falilat Rájí rí láìmọ̀ pé òun ni. Obìnrin kúkúrú kan ni. Híjáàbù dúdú wà lábẹ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó dúró létí ibi tí àyà ẹlòmíì kò ní gbà á láyè láti dúró sí, ó sì ń na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run jiyàn. Kì í ṣe Ọlọ́run ló ń bá wí. Kamaldeen, ọkùnrin tó ń wa kíréènì, ló ń júwe fún. Kamaldeen wà nínú àgọ́ gíláàsì lókè réré, kì í rí ibi tí ẹrù tó gbé máa balẹ̀ sí, nítorí náà ojú Falilat ni ojú rẹ̀. Tí Falilat bá na apá sọ́tùn-ún, irin á lọ sọ́tùn-ún. Tó bá di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù, irin á dúró sójú òfuurufú bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́bẹ̀.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo tọ́," ló máa ń sọ, "kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu báyìí rí. Irin nìkan ló ń gbọ́ tèmi."

Ọmọ Ṣómólú ni, láti agbo ilé Rájí ní Bajulaiye. Láyé àtijọ́, bí o bá ju òkúta ládùúgbò yẹn, orí ilẹ̀ bàbá wọn ló máa balẹ̀ sí. Ilẹ̀ ti tán, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé, orúkọ nìkan ló kù fún àwọn ọmọ, a kì í sì í fi orúkọ se ọbẹ̀. Ó fẹ́ Ràmọ́nù, bíríkìlà tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, wọ́n sì ń gbé ní Ladi-Lak. Nígbà tí Ràmọ́nù lọ bá Olúwa rẹ̀, Falilat kò dúró de aláàánú. Ó wọ ibi iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ń ru omi, ó ń ru yanrìn, títí Kamaldeen fi ṣàkíyèsí pé bí obìnrin yìí bá fọwọ́ júwe ibi tí wọ́n máa da yanrìn sí, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣiyèméjì. Bó ṣe di afọwọ́júwe nìyẹn. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín pé ìyàwó ilé ló fẹ́ máa darí kíréènì. Nígbà tí wọ́n rí i pé irin kò fara kan ẹnikẹ́ni rí lásìkò tirẹ̀, wọ́n gbẹ́nu dákẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i káàárọ̀ dáadáa. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó iṣẹ́ náà láyé yìí, yàtọ̀ sí ìrun rẹ̀ àti Hikmat, àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó so ó mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ṣẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Níbi iṣẹ́ kan tó ti ṣe ṣáájú, pákó já bọ́ látòkè, ó bá a lápá òsì. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní kó lọ sinmi nílé, irú ìsinmi tí wọn kì í dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ fún. Àwọn ẹgbẹ́ ló gbé ara wọn jókòó sẹ́nu géètì. Kò sí ọkọ̀ tó wọlé, kò sí ọkọ̀ tó jáde, títí ilé iṣẹ́ fi gbé e lọ sí ọsibítù, tí wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni sítíkà ẹgbẹ́ ti wà lórí hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó hàn kedere níwájú orí. Ó ní bí àwọn míì ṣe ń so tírà mọ́ ọmọ lọ́rùn ni òun ṣe lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àmọ́ tírà tòun ti jẹ́ rí.

Àfi ìgbà tí Godspower dé sí Ọbaníkòró. Òun ni ilé iṣẹ́ gbà láti máa ṣọ́ ààbò àwọn òṣìṣẹ́, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Séfútì. Ọmọ Ùròbò ni, ṣùgbọ́n Bàrígà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ju ti ọmọ Yorùbá míì lọ. Ọmọdékùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìwé òfin ló wá bà á jẹ́. Ó lẹ ìkéde mọ́ ara géètì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lẹ sítíkà mọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì mọ́, torí pé gọ́ọ̀mù ń jẹ ike, àti pé sítíkà lè bo ibi tó ti sán mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin á gba kúèrì. Tí kúèrì bá pé mẹ́ta, onítọ̀hún á kúrò lórí ipò tó wà.

Falilat ka ìkéde náà tán, ó wo iwájú orí hẹ́límẹ́ẹ̀tì Godspower, níbi tí àmì ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń dán yinrin.

"Godspower, ọmọ mi, ṣé gọ́ọ̀mù tiyín kì í jẹ ike ni?"

"Màmá, ti kọ́ńpìnnì nìyẹn."

"Mo rí i pé ti kọ́ńpìnnì ni. Mo ní ṣé ó ti yó ni, tí kì í fi í jẹun?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Godspower náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ kúèrì fún un nígbà tó kọ̀ láti yọ ọ́. Ohun tó wá dun Falilat jù ni ohun tó rí lọ́sẹ̀ náà. Godspower ń lọ láti orí dé orí. Ó ya sítíkà bọ́ọ̀lù, ó ya ti ẹgbẹ́, ó ya ti olóṣèlú. Ṣùgbọ́n tó bá dé orí ẹni tó lẹ "Ọdún Àṣeyọrí Mi Rèé" ti ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ tirẹ̀, tàbí ẹni tó ní "Bisimilláì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, á wò ó, á mí kanlẹ̀, á sì kọjá.

"Àwọn yẹn ńkọ́?" Falilat bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kí n fi ọwọ́ ara mi fa Ọdún Àṣeyọrí ẹlòmíì ya? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé Èkó la wà."

Mùtíù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun ni alága ẹgbẹ́ níbẹ̀, irin ló ń tẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì rọrùn fún un láti tẹ̀ ju irin lọ. Ó pe ìpàdé sábẹ́ ibòji páànù nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "kí ni Séfútì kò lè fọwọ́ kàn? Orúkọ Ọlọ́run ni. Ó parí. Ẹ jẹ́ ká tẹ sítíkà ẹgbẹ́ tuntun, ká fi Orúkọ Ọlọ́run sí i. Ká wá wo ẹni tó máa ya á."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Falilat dìde dúró.

"Alága, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ fẹ́ sọ Ọlọ́run di agboòrùn."

"Ìyá Hikmat, òjò ń rọ̀! Agboòrùn wo lẹ tún ń fẹ́?"

"Òjò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ibi tí ẹ máa gbé agboòrùn náà wọ ni mò ń rò."

"Ẹ ò rí nǹkan? À ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣe wáàsí. Ẹ jókòó, Àlàájà ọ̀la!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀, Falilat sì jókòó. Ìyẹn ni àṣìṣe tirẹ̀. Ó mọ òótọ́, ó jókòó lé e lórí, nítorí ẹgbẹ́ tó jókòó fún un rí ni.

Munirat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bajulaiye, ló bá wọn tẹ sítíkà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwòrán ọwọ́ tó di òòlù mú wà láàrín, orúkọ ẹgbẹ́ yí i ká. Orúkọ Ọlọ́run wà lápá ọ̀tún ní lẹ́tà kéwú, "Jésù Olúwa" sì wà lápá òsì, kí ẹnì kankan má bàa ní wọ́n yan òun jẹ.

"Ojúlówó ni, Àǹtí," Munirat ń yangàn. "Òjò ò lè bà á jẹ́, oòrùn ò lè pa á. Gọ́ọ̀mù yìí, tó bá ti gbá nǹkan mú, ó di ọjọ́ àjíǹde."

Gbogbo wọn lẹ̀ ẹ́. Godspower dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí orí funfun rẹpẹtẹ, òòlù àti Ọlọ́run lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó dúró, ó yọ gọ́gù ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú. Ó padà sí ọ́fíìsì. Mùtíù jó yí irin po, wọ́n sì gbé e sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Ayọ̀ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ Falilat. Kò pẹ́ lọ́jọ́ náà tí ara fi ń fẹ́ kó yà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Orúkọ Ọlọ́run wà lórí rẹ̀. Mùsùlùmí wo ni wọn kò kọ́ láti kékeré pé Orúkọ náà kì í wọ irú ibẹ̀? Òfin kejì sì ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tó bá ti wọ géètì kò gbọdọ̀ ṣí hẹ́límẹ́ẹ̀tì kúrò lórí títí yóò fi jáde. Àwọn ọkùnrin tó jẹ́ Mùsùlùmí níbẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nítorí ìdí ògiri ni wọ́n ń dúró sí tí ìtọ̀ bá gbọ̀n wọ́n, ti ìgbẹ́ sì di ilé wọn. Sabina, tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, ni obìnrin kejì tó wà níbẹ̀, Kírísítẹ́nì sì ni, kò sí irú èèwọ̀ yìí níwájú tirẹ̀. Gbogbo ìṣòro sítíkà náà wá balẹ̀ sórí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Ó ṣí hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Nígbà tó jáde, Godspower dúró síbẹ̀.

"Màmá, hẹ́límẹ́ẹ̀tì dà?"

"Òun ló wà lára ìṣó yẹn."

"Orí yín ló yẹ kó wà."

"Orúkọ Ọlọ́run wà lára ẹ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi síbẹ̀?"

"Ìwọ ni. Ìwọ lo fi hàn wá pé tí kò bá sí níbẹ̀, wàá ya á."

Godspower họ orí. "Màmá, ẹ má bínú. Tí nǹkan bá já lù yín lórí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì? Tí nǹkan bá já lù mí lórí níbẹ̀, Godspower, a jẹ́ pé èèyàn ló sọ ọ́."

Ó kọ kúèrì kejì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un.

Falilat bẹ̀rẹ̀ sí í fara dà á. Kì í mu omi mọ́ láti àárọ̀. Oòrùn ń pa á lókè níbẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó di ìkúùkù, ẹrù irin sì fi bíńtín ré orí àwọn bíríkìlà kọjá. Kò bà wọ́n. Ṣùgbọ́n Kamaldeen sọ̀kalẹ̀ látòkè, ohun tí kì í ṣe.

"Ìyá Hikmat, kí ló ṣe ojú mi?"

Ó mọ ohun tó ń bi í. Ó wá omi mu lọ́jọ́ náà, nítorí pé kò yẹ kéèyàn torí àtigba orúkọ rere lọ́dọ̀ Ọlọ́run pa ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn Àlàsárì, ó tọ àáfà lọ ní Ladi-Lak. Àgbàlagbà náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bò ó, ìyá. Ohun tí o kò lè yọ, tí o kò sì lè fi sílẹ̀, tí o bá ti bò ó, Ọlọ́run kò ní í bi ọ́ léèrè. Ìrọ̀rùn ni Ó fẹ́ fún wa."

Ara tù ú. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ Hikmat, ó fi aṣọ dúdú rán ìbòrí kékeré tó ní rọ́bà létí, èyí tó máa ń fà bo hẹ́límẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tí á sì ṣí i kúrò nígbà tó bá jáde. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà lórí, Orúkọ wà ní ìpamọ́, ìtọ̀ kò sì há mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ó rò pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Godspower rí ìbòrí náà. Ó ṣí ìwé òfin rẹ̀, ó kà á, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Màmá, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi aṣọ bo hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò ní í jẹ́ ká rí ibi tó bá sán."

"Godspower."

"Màmá, bí mi ò bá kọ ọ́, wọ́n á kọ tèmi."

Kúèrì kẹta nìyẹn. Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì mánéjà, Ezekiel, ará Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin tó máa ń tẹ orí ba kó tó dáhùn ìkíni. Mùtíù wá gẹ́gẹ́ bí alága, Godspower jókòó, Sabina dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà wà lórí tábìlì láàrín gbogbo wọn.

"Màmá," Ezekiel ní, "èmi náà kò fẹ́ kẹ́ ẹ kúrò lórí iṣẹ́ yín. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó yín. Ẹ kàn họ sítíkà yìí dànù, màá fa kúèrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya lójú yín." Ó fi abẹ lélẹ̀ níwájú rẹ̀.

Falilat wo abẹ, ó wo Orúkọ. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn wà lẹ́nu abẹ yẹn.

"Ẹ fún mi ní omi gbígbóná, sà. Mi ò lè họ ọ́, àmọ́ màá gbìyànjú kí n ṣí i lódindi."

Sabina gbé omi gbígbóná wá. Falilat ki aṣọ bọ omi náà, ó fi lé e, ó fi èékánná gbé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Etí náà ṣí. Ó ń ya bọ̀, ó ń ya bọ̀, ó dé ara lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé Orúkọ náà sí méjì. Ó jáwọ́.

"Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin ẹ bá mi họ ọ́, sà."

"Èmi?" Ezekiel fà sẹ́yìn. "Ẹ ò rí ohun tó wà lápá òsì yẹn ni? Èmi tí mo fẹ́ gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi? Godspower, họ ọ́."

"Sà, orúkọ mi gan-an, sà. Godspower ni mò ń jẹ́."

"Alága, ẹ̀yin lẹ gbé e kalẹ̀, ẹ wá họ ọ́."

Mùtíù tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò wá ń wo àjà. "Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n tí mi ò bá tíì jẹun," ó ní.

"Ẹ fún mi ní òmíràn nígbà náà," Falilat wí.

Sabina mi orí. "Àǹtí, òfin sítọ́ọ̀ ni pé kí ti tẹ́lẹ̀ wọlé kí tuntun tó jáde. Èyí tí sítíkà bá wà lára rẹ̀, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbà á wọlé."

Àgbàlagbà márùn-ún yí ike kan ká, kò sí ẹni tó lè gbé e lọ síwájú, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ezekiel nu ojú rẹ̀. Ó ní kò sí bí òun á ṣe ṣe é, kúèrì mẹ́ta ti pé, òfin ní kó kúrò lórí ipò rẹ̀. Òun kò ní í lé e lọ. Ẹnì kan wà tí wọ́n ń wá láti máa gbá ọ́fíìsì yìí, níbi tí èèyàn kò nílò hẹ́límẹ́ẹ̀tì.

Níta, Falilat di apá aṣọ Mùtíù mú.

"Alága, ẹ pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sẹ́nu géètì."

"Nítorí kí ni? Wọn ò kúkú lé yín. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín."

"Mo ti ń darí irin láti ọdún pípẹ́, ẹ ní kí n wá máa darí pàǹtí."

"Ìyá Hikmat, ẹ má jẹ́ ká da ẹgbẹ́ rú. Àwọn ọmọ ti ń gbádùn sítíkà yìí. Tá a bá lọ jókòó sí géètì, Séfútì á ní ká jọ tún ọ̀rọ̀ sítíkà sọ, ó lè gba gbogbo ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín kékeré. "A máa wá ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìgbálẹ̀ yín."

"Tó bá jẹ́ ìgbálẹ̀," Falilat dáhùn, "ẹ rántí béèrè lọ́wọ́ Munirat pé Ọlọ́run wo lẹ fẹ́ fi gbá tọ́ílẹ́ẹ̀tì."

Mùtíù gba ìdí irin rẹ̀ lọ. Kò sì pe ẹnikẹ́ni sí géètì.

Saheed ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lókè, ọmọkùnrin tó ń fọwọ́ júwe bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Kamaldeen ń gbé ẹrù díẹ̀díẹ̀ báyìí, iṣẹ́ sì ń falẹ̀. Falilat ń gbá ọ́fíìsì. Wọn kò lè ju hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú pàǹtí, wọn kò lè dá a padà sí sítọ́ọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdí kàn án. Ezekiel ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbi iṣẹ́ náà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún tó o.

Láràárọ̀, tó bá ti gbálẹ̀ tán, Falilat á gun àpótí, á nu eruku orí rẹ̀.

"Ẹ rọra nù ún o, Màmá," Ezekiel wí lọ́jọ́ kan, láìgbójú sókè nínú ìwé tó ń kà.

"Ṣé kí n kúkú dé e ni, sà?"

Ezekiel ṣí ìwé sí ojú ewé kejì. Lóde, Kamaldeen fun fèrè kíréènì, ó ń wá ẹni tó máa ríran fún un. Falilat nu apá ọ̀tún, ó nu apá òsì, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀.